Ẹsẹ̀ Òsì Bàbá Onípijó

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ṣé ohùn yín nìyẹn, àbí ẹ ò tíì jẹun? Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri bí táyà. Ó gba Ìdúmàgbò, ó gba ẹ̀yìn Jankara, ó fọn fèrè ní Adéníji Adélé, kò yà sọ́dọ̀ ẹranko inú igbó kankan, kò sì gbá ọmọ ẹnikẹ́ni. Ó wá tẹ bíréèkì lẹ́nu ọ̀nà wa níbí, ó dúró lórí ẹsẹ̀ òsì ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Onípijó.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rò pé ẹsẹ̀ ò lè ní àlọ́ tirẹ̀? Ẹ sún mọ́ra. Kí ẹni tó jókòó ti Zayd gbé e sórí itan, kí ó má baà ṣubú bí oorun bá gbé e.

Gbogbo yín lẹ mọ bàbá náà. Òun ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ kan, àkísà tó fi ń nu mọ́tò lọ́wọ́ kejì, tí èèyàn ò sì ní mọ èyí tó fi ń ṣe àdúà nínú méjèèjì. Mọ̀núrù ni orúkọ rẹ̀. Lójú rẹ̀, Bọ̀dá mi ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àlọ́, a máa ń pe ọba pàápàá lórúkọ láìfi kábíyèsí kún un. Ẹ má ṣáà lọ rò fún un lọ́la.

Mọ́tò rẹ̀ náà, ẹ mọ̀ ọ́n: Pijó aláwọ̀ èkuru yẹn, tí jíà rẹ̀ yọ lọ́rùn sítíárì bí ọwọ́ ọmọ tó ń tọrọ ẹran. Ó ti rà á kí ó tó fẹ́ Memunat ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ tí Memunat wọlé ní ìyàwó, ó bá a nílé, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti da aṣọ bò ó, ó ń dán ju ìyàwó lọ. Láti ọjọ́ náà ni Memunat ti ń pe mọ́tò ní Ìyálé. Bí ó bá ń gbálẹ̀, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyálé mi. Ṣé ẹ sùn? Èmi ò sùn o, orúkọ yín ni wọ́n ń pè lójú oorun." Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan jíà rẹ̀ rí. Bọ̀dá mi ò gbà. Ó ní jíà dà bíi pákò, ẹnu kan ṣoṣo ló ń wọ̀.

Nígbà tó ń kọ́ ọkọ̀, ọ̀gá rẹ̀ kì í bá a pariwo. Ife tíì gbígbóná ni bàbá náà ń gbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, láìdé e lórí. Á ní, "Mọ̀núrù, gbé wa lọ." Bí tíì bá dà, Mọ̀núrù á fọ mọ́tò, á nu ún, á sì fẹsẹ̀ rìn délé. Ó fẹsẹ̀ rìn títí tí bàtà rẹ̀ fi jẹ. Ọjọ́ tí tíì ò dà mọ́ ni ọ̀gá rẹ̀ mu ún, tó ní, "Lọ, o ti di awakọ̀."

Nǹkan tó wá sọ ọ́ di èèyàn ńlá nínú agboolé wa nìyí. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní ọsibítù tí kì í gba inú Pijó wọlé. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, tí ẹ ń fi ọwọ́ nu imú yìí, inú rẹ̀ lẹ gbà wọlé. Òfin Bọ̀dá mi ò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ tuntun ò gbọdọ̀ mọ̀ pé a ń pààrọ̀ jíà. Bí ọmọ bá sùn ní ọsibítù, ó gbọdọ̀ jí sórí ibùsùn ìyá rẹ̀ nílé ni. Bí ó bá sì dé ẹnu ọ̀nà wa, kì í fọn fèrè. Á fi kílọ́ọ̀ṣì ṣeré lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, mọ́tò á tẹrí ba síwájú, á padà, á tún tẹrí ba, lẹ́ẹ̀mẹta. Mọ́tò ń kí ilé nìyẹn, pé àlejò dé, ẹ jáde wá gbà á. Nígbà náà ni àwa ìyá á da omi tútù sílẹ̀, tí a ó gbé ọmọ. Mo ti rí ọmọ tó wọ mọ́tò olówó wọlé lágboolé mìíràn. Kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ló kí ilé fún un?

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Mariyah, ọmọ ọmọ rẹ̀, fẹ́ Ṣàkírù. Ọmọ dáadáa ni Ṣàkírù, ẹ mọ̀ ọ́n, ó ń dọ̀bálẹ̀ dé ilẹ̀. Ẹ̀bi kan ṣoṣo ló ní: ọ́tò ló ń wà. Mọ́tò tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tún wà nínú fóònù rẹ̀ tó ń júwe ọ̀nà fún un. Nígbà àkọ́kọ́ tó gbé e wọ àdúgbò wa, obìnrin náà ní kí ó yà sọ́tùn-ún, ó yà, àárín abọ́ ata Ìyá Oníwẹ́ẹ̀rẹ́ ló bọ́ sí.

Bọ̀dá mi yí mọ́tò náà po. Ó wo inú rẹ̀, ó wo abẹ́ sítíárì.

"Ṣàkírù, kílọ́ọ̀ṣì dà?"

"Kò ní, Bàbá."

"Wọ́n jí i?"

"Rárá o, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ọ́tò ni."

"Kí wá ni ẹsẹ̀ òsì rẹ ń ṣe?"

"Ó ń sinmi, Bàbá."

"Ó ń sinmi." Bọ̀dá mi yíjú sí gbogbo àdúgbò. "Ẹ gbọ́ o. Ọlọ́run dá ẹsẹ̀ méjì fún ọmọkùnrin, ó fi ọ̀kan ṣe àlejò. Gé e, ọmọ mi, kí wọ́n fi ṣe sùyà, ó kéré tán á wúlò. Èyí kì í ṣe ọkọ̀. Àga ni. Àga tó ń rìn."

Àna ni Ṣàkírù. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún Mariyah: "Bàbá yín, ẹsẹ̀ méjì, ọwọ́ méjì, gbogbo ara ló ń ṣiṣẹ́. Ṣé ọkọ̀ ni wọ́n ń wà ni àbí aṣọ òfì ni wọ́n ń hun?" Mo fi ìborùn bo ẹnu mi. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìgbà tí Ṣàkírù bá wá, Bọ̀dá mi á ní, "Ẹ gbé àga fún àna mi. Àbí ó gbé tirẹ̀ wá?"

Ẹ fetí sílẹ̀ níbí, torí ibí ni ẹsẹ̀ wà. Láti ìgbà òjò tó kọjá ṣáájú ìyẹn ni Pijó ò ti jáde mọ́. Lówùúrọ̀, Bọ̀dá mi á wọnú rẹ̀, á ṣí iná fún un, èéfín á bo ojúlé wa, á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ sí Ìbàdàn, á sì pa á. Bí ẹ bá bi í, òní táyà ò gbọdọ̀ kan omi, ọ̀la bátìrì ń gba agbára, ọ̀tunla àwọn tó ń wa ọkọ̀ nígboro ti ya wèrè. A gbà á gbọ́. Memunat nìkan ló mọ̀. Òun ló ń fi òrí àti àdí pa orúnkún òsì fún un, orúnkún tó wú bí iṣu tí wọ́n gbé sínú ṣòkòtò. Ẹsẹ̀ náà kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Èmi náà mọ̀, nítorí pé ògiri kan náà ló là wá, mo sì máa ń gbọ́ nígbà tó bá ń ké "yéè" tí Memunat sì ń ní, "Ẹ rọra, Ìyálé ń gbọ́."

Lẹ́yìn náà ni Mariyah lóyún. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá àgbà rẹ̀. "Bàbá, Pijó ló gbé mi wọlé. Ó gbé màmá mi Fàrídà wọlé. Tèmi yìí náà ńkọ́?"

Kí ni kí bàbá wí? Ó ní, "Bí Ọlọ́run bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, èmi fúnra mi ni n ó gbé e. Mo ṣèlérí. Ọmọ yẹn ò ní bá àga wọlé."

Mo wo Memunat. Memunat wo orúnkún.

Ó bí i láyọ̀, ọkùnrin. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní kí a wá gbé wọn, Bọ̀dá mi wọ funfun, ó dé fìlà, ó lo lọ́fíńdà. Ṣàkírù ti fọ ọ́tò rẹ̀, ó ti tan afẹ́fẹ́ tútù sínú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni í. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mi wà níbí o, bí ó bá ṣe pé..."

"Bí ó bá ṣe pé kí ni?"

"Kò sí, Bàbá."

"Tẹ̀lé wa lẹ́yìn. Kí o wá wo bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀."

Ó wọ Pijó. Memunat jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn, torí èmi ni n ó gbé ọmọ. Ó ṣí iná. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sórí kílọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tó jẹ orógbó. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kílọ́ọ̀ṣì ò mira. Ìta kún fún èèyàn, gbogbo wọn ń wò wá, Ṣàkírù wà lẹ́yìn nínú ọ́tò rẹ̀, ó ń dúró de ẹ̀kọ́.

Bọ̀dá mi rọra fa ọ̀pá ìtilẹ̀ kan jáde lábẹ́ àga. Ó fi ìdí ọ̀pá lé orí kílọ́ọ̀ṣì, ó fi ọwọ́ òsì rọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì lọ! Inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ọwọ́ ọ̀tún ń di sítíárì mú. Kò sí ọwọ́ fún jíà mọ́.

Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ìyá Fàrídà."

"Bàbá Fàrídà."

"Fọwọ́ kan jíà."

Memunat yíjú sí mi lẹ́yìn. "Eyínfúnjowó, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọlé, torí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ.

"Mo gbọ́, ìyàwó wa. Fọwọ́ kàn án kí ọkọ rẹ tó jí lójú oorun."

Ó da ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba fún sítíárì. "Ìyálé mi, ẹ má bínú. Ọkọ wa ló ní kí n fọwọ́ kàn yín."

"Fà á mọ́ra kí o tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀! Wáànù nìyẹn!"

Ó fà á. Pijó fò bí àgbò tó já okùn. Fìlà Bọ̀dá mi bọ́ sí i lójú, gèlè mi lọ kí òrùlé mọ́tò. A ti jáde. Ìdúmàgbò yà fún wa, kì í ṣe ti ọ̀wọ̀.

"Túù!"

"Èwo ni túù?"

"Tì í sókè! Òkè! Kì í ṣe òkè ọ̀run!"

"Ẹ̀yin náà ẹ tẹ ọ̀pá! Ẹ ò tẹ ọ̀pá, ẹ ń bú mi!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́!"

"Ẹ gbàgbé láti tú u sílẹ̀ nìyẹn!"

Jíà ń ké gààrà gààrà bí ẹni tó ń họ ìkòkò. Àwọn tó ń ta aṣọ ní Jankara fi aṣọ sílẹ̀, wọ́n wá ń wò wá. Ọ̀kan nínú wọn sáré tẹ̀lé wa, ó ń pariwo: "Bàbá, ẹ háyà ẹnì kan sí i fún bíréèkì!" Obìnrin kan ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ìfẹ́ ni. Tọkọtaya ń wa ọkọ̀ kan." Lẹ́yìn wa, Ṣàkírù ń rọra bọ̀ bí ẹni tó tẹ̀lé òkú. Àna kì í sáré kọjá àna.

Ibi tí ọ̀nà ti yà sí Adéníji Adélé ni Bọ̀dá mi ti pè fún tírì, Memunat fún un ní ohun tí kò pè, Pijó wú ikọ́ kan, ó kú. Ó kú sáàárín títì. Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa ní oríṣiríṣi èdè.

Ṣé ẹ rò pé Bọ̀dá mi bínú? Èmi rò ó bẹ́ẹ̀. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó kàn jókòó síbẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó tún un dé. Ó wo orí dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí kò sí nǹkan kan, ó wò ó pẹ́.

"Ìyá Fàrídà," ó ní, "tíì ti dà."

Memunat mọ ìtàn tíì. Ó mú ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí itan ara rẹ̀.

"Bí ọmọ yẹn bá wà nínú ọkọ̀ yìí ńkọ́? Á ti mọ jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórúkọ. Mo sọ fún Mariyah pé n ó gbé e. Mi ò lè gbé e báyìí."

Ṣàkírù ti sọ̀ kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí títì, àárín fèrè, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. "Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

"Bá mi gbé Pijó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà."

Ṣàkírù wo ilẹ̀. "Bàbá... mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wà á."

Bọ̀dá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Awakọ̀ méjì lórí títì, kò sí ẹni tó lè wa ọkọ̀. Ẹ tì í!" Àwọn ọmọ Jankara ló bá wa tì í dé etí gọ́tà, wọ́n sì ń kọrin. N ò ní kọ orin náà fún yín.

Ó wá di pé kí gbogbo wa wọ ọ́tò. Kí Bọ̀dá mi tó wọ̀ ọ́, ó pe onítíì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní kí ó bu ife kan, kí ó kún dé etí. Ó gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù Ṣàkírù.

"Ọmọ mi ni o fẹ́ gbé. Gbé tíì yìí dé ọsibítù kí n kọ́kọ́ wò ó."

Ṣàkírù ní kò le. Ó tan afẹ́fẹ́ tútù, ó fi orin sí i díẹ̀, obìnrin inú fóònù ní kí ó máa lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn bọ̀dá yín ṣe ń wà: wọ́n á tẹ tọ́tù tó ń mú mọ́tò sáré bí ẹni tó tẹ ejò, wọ́n á tẹ bíréèkì bí ẹni tí ejò bù jẹ. A ò tíì dé ìyànà kejì tí tíì fi dé sórí itan Ṣàkírù.

"Yéè! Mo gbé!"

"Má pariwo," ni Bọ̀dá mi wí, ó ń fi àkísà rẹ̀ nu dáṣíbọ́ọ̀dù. "Ìwọ ni ọmọ tuntun báyìí. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ jíà?"

Memunat rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wa àyà mú. Ṣùgbọ́n èmi rí i pé Bọ̀dá mi ń wo ẹsẹ̀ Ṣàkírù. Kò gbé ojú kúrò níbẹ̀ títí a fi dé àgbàlá ọsibítù.

A dúró. Ó ní, "Mọ́tò yìí ò ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀?"

"Òun nìkan ni, Bàbá." Ṣàkírù ń fa ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹyin: "Bàbá, ẹ má bínú o. Èyí tó ń dùn yín yẹn gan-an ni kò lò."

Ẹ rántí pé ó ti ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ òsì ṣe sùyà. Ẹ rántí àga. Ó wo orúnkún rẹ̀, ó wo iyàrá tí Mariyah wà lókè. Ó ní, "Sọ̀ kalẹ̀."

Ṣàkírù sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Bọ̀dá mi bọ́ sábẹ́ sítíárì, ó fa jíà sórí lẹ́tà kan tó rí bí obìnrin tí oyún rẹ̀ ti tó bí. "Dí nìyẹn, Bàbá," ni Ṣàkírù wí. Mọ́tò rọra gbéra lọ fúnra rẹ̀. Bí ó ti gbéra, ẹsẹ̀ òsì Bọ̀dá mi, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ràn láti àárọ̀, fò sókè láti wá kílọ́ọ̀ṣì. Kílọ́ọ̀ṣì ò sí. Bíréèkì ló bá níbẹ̀. Ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Gbàà! Èmi àti Memunat pàdé lẹ́yìn àga iwájú. Ṣàkírù fi iwájú orí kí dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Ẹsẹ̀ òsì, Bàbá! Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀!"

"Èmi kọ́ ni mo rán an! Ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá ìyàwó rẹ!"

Ó tún gbìyànjú. Gbàà! Ó tún gbìyànjú. Gbàà! Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu géètì wá béèrè bóyá kí òun pe dókítà. Ṣé ẹ rí ayé? Ẹsẹ̀ tí kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó wà kò jáwọ́ lára kílọ́ọ̀ṣì tí kò sí.

Memunat ló parí ìjà náà. Ó tú gèlè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi so ẹsẹ̀ òsì ọkọ rẹ̀ mọ́ irin ìdí àga, ó ta á ní kókó méjì.

"Ìyá Fàrídà, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń de àgbò. Ẹ gbéra."

Ó gbéra. Mọ́tò lọ pẹ́ẹ́. Ó yí àgbàlá po lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i. Kò sí gbàà mọ́. Ṣàkírù wo ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá, ó ní, "Háà. Ọkọ̀ mi rèé?" Ní tòótọ́, mi ò tíì jókòó nínú mọ́tò tó lọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fà wá lórí òróró.

Mariyah jáde pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ó wo àgbàlá. "Bàbá, Pijó dà?"

Bọ̀dá mi kò purọ́. Ó lè purọ́, ó ní irọ́ táyà, ó ní irọ́ bátìrì. Ó ní, "Mariyah, orúnkún mi kọ̀ fún mi. Pijó wà ní Jankara. Ṣùgbọ́n mo ní èmi ni n ó gbé ọmọ yìí. Ṣé wàá jẹ́ kí n fi èyí gbé e?"

Mariyah ò tíì dáhùn tó fi rí gèlè. "Kí ló dé tí ẹ de ẹsẹ̀ wọn?"

"Olè kílọ́ọ̀ṣì ni," ni Memunat wí. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un. Wọlé, ọmọ mi."

Ó wọlé. Mo gbé ọmọ sórí itan mi. Bọ̀dá mi ní kí Ṣàkírù pa orin, kí ó sì ní kí obìnrin inú fóònù dákẹ́, torí òun mọ ọ̀nà ilé òun. A gba Adéníji Adélé, a gba ẹ̀yìn Jankara níbi tí àwọn tó tì wá láàárọ̀ ti ń pàtẹ́wọ́, a wọ Ìdúmàgbò láàárín ọmọlanke àti alárù. Mo wo ojú ọmọ lójú ọ̀nà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ kò mira. Mariyah pàápàá sùn.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà wa, àwọn ìyá ti gbé omi tútù dúró. Bọ̀dá mi dá mọ́tò dúró. Mo mọ ohun tó ń rò. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì. Kí ni á fi kí ilé? Ó rọra tú bíréèkì, ó rọra mú un. Mọ́tò náà tẹrí ba. Ó tún tú u, ó tún mú un. Ó tẹrí ba. Ìkẹta gùn díẹ̀, ó rẹlẹ̀ díẹ̀.

Bọ̀dá mi gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fojú wọ̀n ọ́n. "Pijó ń dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin," ó ní. "Èyí ń kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ìkíni náà ni." A da omi sílẹ̀. Wọ́n gba ọmọ. Ọmọ ò jí títí ó fi dórí ibùsùn.

Ṣé ẹ rò pé ó ń yin ọ́tò báyìí? Ẹ bi í lọ́la. Á ní òun ò wa ọ́tò rí láyé òun, òun kàn jókòó sórí àga àna òun fún ìgbà díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsinmi, bí ẹ bá gbọ́ gààrà gààrà níta, Ṣàkírù ni ó wà nínú Pijó, ó ń kọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ife tíì ń bẹ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ti mú ṣòkòtò mìíràn dání. Bọ̀dá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò pariwo. Memunat ló ń pariwo láti ojú fèrèsé: "Túù ni, Ṣàkírù! Ẹ má fìyà jẹ Ìyálé mi!"

Àlọ́ mi ti dé gáréèjì nìyẹn o. Ó yá, ẹ pa iná ẹ́ńjìnnì yín, kálukú ó lọ sórí ẹní rẹ̀. Ta ló ní oorun ò kun òun? Mo rí ọ, o ti ń tẹrí ba, ó ti ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó sùn.

Ẹ bá mi gbé Zayd ọmọ Mariyah wọlé. Òun ló ni àlọ́, kò sì gbọ́ ju ìdajì lọ. Ẹ rọra, ẹ rọra. Kò gbọdọ̀ mọ̀ pé a ń pààrọ̀ jíà.